Ọdún Mẹ́ta Tí A Fi Kún Ọjọ́ Orí Ìyá Rẹ

Taiping,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ò tíì dá.

Swee Imm, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ méjèèjì. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Èmi náà wà bí arúgbó ṣe ń wà: orúnkún ń dún, etí kan ti fẹ̀yìn tì, ẹnu nìkan ló ṣì ń lọ síbi iṣẹ́.

O máa ní kí ló dé tí èmi Ah Ku rẹ ò pe fóònù. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdùnnú kún ohùn rẹ. O ní, "Ah Ku, ilé ìwòsàn ti ṣírò mi o. Ewu mi kéré, wọn ò ní yẹ ẹ̀jẹ̀ kankan wò." Ni mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ èso dúríànì tó wọ́n lọ́dún yìí, mo sì pa fóònù. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìṣirò, tí ò wá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣi ìṣirò ṣe, ó yẹ kó jókòó kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún ọ ní Kuantan yẹn bèèrè ẹni tí jẹjẹrẹ ìfun pa nínú ìdílé wa, àti iye ọdún tó ti pé nígbà tó mú un. Ohun tí o bá kọ ni kọ̀ǹpútà máa fi ṣírò bóyá àrùn náà ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ wa, bóyá ó tọ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò bóyá àbùdá tó ń fà á wà níbẹ̀. O ò mọ ọjọ́ orí ìyá rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tó kú, ìjọba sì ti gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ padà. O ṣe ohun tí ọmọ tó gbọ́n máa ṣe: o wo àwòrán tí o yà nígbà ọdún Cheng Beng, tí a lọ ro ibojì àwọn òkú wa, o ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Ìyá rẹ, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Bàbá wa, ọdún méjìléláàádọ́ta. O kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òkúta yẹn ò sọ òótọ́, Swee Imm. Ilé onígbàgbọ́ ni bàbá rẹ ti tọ́ ọ dàgbà, kò sẹ́ni tó sọ fún ọ. Láyé àwọn baba wa, tí ènìyàn bá kú, ọ̀run á fi ọdún kan ta á lọ́rẹ, ilẹ̀ á fi kan, aráyé á fi kan. Lọ́jọ́ tí à ń gbẹ́ ti ìyá rẹ, ìyá wa ń sunkún pé iye tí kò tó àádọ́ta kò gbọdọ̀ wà lórí ọmọ òun, kó má bàa dà bí òkú ọ̀fọ̀. Èmi ni mo kọjú sí agbẹ́kùúta tí mo ní, "Fi mẹ́ta kún un." Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni ìyá rẹ. Bàbá wa ò ju mọ́kàndínláàádọ́ta lọ. Ẹni tó bá mú kó tó pé àádọ́ta gan-an ni kọ̀ǹpútà ń wá.

Èmi gan-an ì bá má rántí. O ní kí èmi náà lọ kọ fọ́ọ̀mù, mo sì lọ sílé ìwòsàn tiwa níhìn-ín. Dókítà ibẹ̀ kò dàgbà tó bàtà mi, oyè tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Ó ní ẹ̀rọ òun kì í ṣìnà. Mo ka iye ara òkúta fún un bí akéwì. Lay Kheng, nọ́ọ̀sì tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin, wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ọjọ́ orí òkúta ni àbí ti káàdì? Ọ̀run kan, ilẹ̀ kan, ènìyàn kan. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin lẹ nà mí nítorí àyọkúrò." Mo yọ ọ́. Iye tó wà lójú ẹ̀rọ fò sókè. Ẹ̀rọ kì í ṣìnà lóòótọ́. Àwa tí à ń bọ́ ọ ni. Ọjọ́ náà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyí. Lọ́jọ́ Cheng Beng yẹn, o ní ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé ìgbẹ́ rẹ, o ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ata sambal ló fà á. Ìyá rẹ sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, lórí àga tí mo jókòó sí yìí. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀jẹun ni. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ la sin ín. Padà lọ sílé ìwòsàn. Sọ iye tó jẹ́ òótọ́ fún wọn, sọ ti ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n wo inú ìfun rẹ. Tí wọ́n bá ń bá ọ jiyàn, fún wọn ní lẹ́tà yìí. Tí o bá fẹ́ bínú sí mi, ṣe ti ilé ìwòsàn ná.

Kí ọ̀nà rẹ má dí. Kí o tọ́ àwọn ọmọ rẹ débi tí wọn ò ní máa ka ọjọ́ orí rẹ lára òkúta.

Èmi ni Ah Ku rẹ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Cheah Teong Hin

Àfikún: Mo fẹ́ kọ pé mo gbàgbé láti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Mi ò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lábẹ́ ìwé atúmọ̀-èdè mi, nítorí pé ojo ni mí. Èsì ẹ̀jẹ̀ mi dé lánàá: àbùdá náà wà lára mi. Nítorí náà, má bá ẹnikẹ́ni ṣírò ọjọ́ orí mọ́. Dárúkọ mi, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe kúrò nílé ìwòsàn, mo yà lọ́dọ̀ agbẹ́kùúta. Mo ní tó bá kan tèmi, iye tó wà lórí káàdì ni kó gbẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ò gba ọdún mẹ́ta yín ni?" Mo ní mo ti fún ọmọ àbúrò mi.