Ta Ló Gba Ọkọ́ Lọ́wọ́ Mi?

Brays Oaks, Houston, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Èmi Fúnkẹ́ ni mò ń kọ ọ́. Bàbá ọkọ mi, Bàbá Àjàní, ò kàwé. Ọ̀rọ̀ òní ń dùn wọ́n, wọ́n ní kí n bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ti ẹnu wọn jáde gan-an:

Bísí ọmọ mi pè láti Brussels, níbi tó ti ń bá àwọn aṣòfin Yúróòpù sọ̀rọ̀ nípa ìjà tó ń lé èèyàn kúrò nílùú, bó ṣe lé mi kúrò lóko. Ó ka ohun tó kọ nípa mi: "Bàbá yìí ti fìgbà kan jẹ́ àgbẹ̀."

Mo ní, "Ta ló gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọdún mẹ́fà lẹ ti wà ní Houston o!"

"Pèrègún tí bàbá mi gbìn sí ààlà ò tíì kú. Sọ fún wọn pé bí ọ̀nà oko bá ti tòrò, mo ń lọ."



Òjò ń rọ̀ sórí kọnkéré níta. Mo ṣí fèrèsé, n ò gbóòórùn ilẹ̀. Irú òjò báyìí, à bá ti máa gbin àgbàdo.

Bísí fẹ́ kí n tẹ̀ka sí ìwé tó kọ nípa mi yẹn lọ́la. N ò ní tẹ̀ka sí i, àfi tó bá tún un kọ. Eléyìí ni mo tẹ̀ka sí: àgbẹ̀ ni mí.

Àmì ìka Bàbá Àjàní.
Ẹlẹ́rìí: Èmi Fúnkẹ́, àti Kúnlé ọkọ mi, ọmọ Bàbá.