Òṣùká Ìyá Alábọ́

                                        Ilé Ìyá Jọláolúwa,
                                        Sauka Kahuta,
                                        Minna, Ìpínlẹ̀ Niger.
                                        Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 2025.

Ràhímátù ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o dìde kírun láìdi ògiri mú? Zayd àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Hafsoh ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀? Bí ó bá ti bímọ, kí Ọlọ́run dá a sí fún wa, kí ọmọ náà jọ ọ́ ní ẹwà, kí ó má jọ ọ́ ní ẹnu. Ìlọrin ńkọ́, ṣé òjò ti ń rọ̀? Níbí, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sá lọ, ooru sì ń sè wá bí ẹ̀wà. Sannu, ọ̀rẹ́ mi. Mo kí ọ kú àìrí ara ẹni.

Má fi ìwé tí mo kọ wọ́gọwọ̀gọ yìí rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Jọláolúwa ọmọ mi ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù, òun á fi ránṣẹ́ sí Zayd, kíá lo ó ti gbọ́. Mo ní rárá. Òótọ́ ni pé ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó yọ mí, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta ayé ìgbà náà ni, kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kà tí wọn ò lè kọ orúkọ ara wọn láìsí iná. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ kì í ṣe ohun tí Zayd gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Ìwọ nìkan ni mo ń bá sọ ọ́.

O mọ̀ pé Jọláolúwa fẹ́ràn igbó. Láti ìgbà tó ti ra mọ́tò, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, yóò kó Ìkẹ́olúwa ìyàwó rẹ̀ àti Dárasími ọmọ wọn, wọ́n á wọ inú igbó lọ. Wọ́n á lọ wo òkè, wọ́n á lọ wo odò, wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n á jẹun, wọ́n á padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú èèmọ́ lára aṣọ. Ìgbafẹ́ ni wọ́n ń pè é. Èmi kì í bá wọn lọ. Ìwọ mọ ìdí rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi, Ìyá Alábọ́, ti ru abọ́ tánganran wọn lọ tà ní abúlé àwọn Gbagyi tí wọn kò padà wálé, mi ò fẹsẹ̀ kan ọ̀nà oko yẹn mọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí gbogbo ayé ń lọ ṣe Gálílì, Jọláolúwa ní ọ̀rẹ́ òun níbi iṣẹ́, James, ọmọ Gbagyi, pè wọ́n wá sí abúlé ìyá rẹ̀. Ó wà ní ìkọjá Tayi Village, níbi tí ọ̀dà ti tán tí òpó iná kò sì tíì dé. Dárasími di ìró mi mú, ó ní kí n jẹ́ ká jọ lọ. "Kaka, zo mu je mana!" Bó ṣe ń pe èmi ìyá àgbà rẹ̀ nìyẹn, Kaka, bí ẹni pé Hausa ló bí i. Yorùbá lẹ́nu ọmọ yẹn dà bí iṣu gbígbóná, kò mọ ibi tó máa yí i sí. Mo ní mi ò lọ. Ni Ìkẹ́olúwa bá sọ pé, "Ẹ fi Màmá sílẹ̀, ẹ̀rù igbó ń bà wọ́n." Èmi! Mo dìde, mo wé gèlè, mo wọ mọ́tò, mo jókòó síwájú.

Abúlé náà mọ́ tónítóní. Ìyá James gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wa ní kunu mu, ó tẹ́ ẹní fún wa lábẹ́ igi òrí ńlá kan lẹ́yìn ilé. Àwọn obìnrin ń ti oko dé, olúkúlùkù gbé igi ìdáná lé èjìká, bí o ṣe mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe. Dárasími ranjú mọ́ wọn. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá James pé kí ló dé tí wọn kì í fi í lé orí. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fi Hausa sọ pé orí ni ọ̀gá ara, ta ló ń di ẹrù lé ọ̀gá lórí? Mo ní, "Haba, ìyá James! Orí tèmi yìí ni mo fi ru gbogbo ohun tí mo fi tọ́ ọmọ, ó ṣì wà lọ́rùn mi." Ó ní, "Ìdí nìyẹn tó fi le báyìí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé inú wa dùn. Kò sí ẹni tó ń ro ibi.

A jẹun tán, oòrùn dúró sí àtàrí. Dárasími ní òun fẹ́ ṣa èso òrí tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà odò. Kò jìnnà, a ń rí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. A ń sọ̀rọ̀, a gbójú sókè, a kò rí i mọ́.

Ìkẹ́olúwa pè é. Jọláolúwa pè é. Kò dáhùn. Ràhímátù, igbó náà wá dákẹ́. Ẹyẹ tó ti ń dún dákẹ́, eṣinṣin ìdí abọ́ oúnjẹ dákẹ́, ewé kan kò mì. Jọláolúwa sáré gba apá ọ̀tún, James gba apá òsì. Èmi dúró lójú kan náà, mo sì gbọ́ ọ. Abọ́ tánganran. Ìró abọ́ tí wọ́n tò lé ara wọn, tó ń kan ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó rù ú ṣe ń bọ́ sílẹ̀. O mọ ìró yẹn. Nígbà tí a ṣì ń gbé ní Shango, tí àwa méjèèjì ń fẹ́ná lẹ́yìnkùlé, ìró yẹn la fi ń mọ̀ pé Ìyá Alábọ́ ti yọ ní kọ̀rọ̀, kí a tó rí wọn rárá. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá dúró.

Ìgbà yẹn ni Dárasími yọ lójú ọ̀nà odò. Kò sáré. Ó ń rìn jẹ́ẹ́, ọrùn rẹ̀ nà gbọnrangandan, òṣùká kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkẹ́olúwa gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń bá a wí. Èmi ní, "Ta ló fún ọ ní nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí?"

Ó fi Hausa rẹ̀ dáhùn pé, "Kaka, ìyá àgbà kan ni. Èèrà pọ̀ nílẹ̀, ó fọwọ́ júwe pé kí n fi jókòó."

"Ìyá wo?"

"Ó ru abọ́, ó ga báyìí." Ó na ọwọ́ sókè. "Lórí, bíi tiyín. Ó ń sọ fún mi pé, 'Sọ̀ mí, ọmọ mi, sọ̀ mí.' Kaka, kí ni sọ̀ mí?"

Ìkẹ́olúwa ti ń nu ojú, ó ní, "Màmá, ẹ dá a lóhùn o, ẹ̀yin lẹ ní kó máa kọ́ Yorùbá."

Mo ní ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n bá òun gbé ẹrù orí òun sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Ah. N kò mọ̀. Mo kàn ń wò ó. Ó wá fa aṣọ yìí yọ lábẹ́ ẹrù náà, ó fún mi, ó ń lọ. Ó ń pe ẹnì kan, n kò rántí orúkọ náà."

Ìyá James ti dìde. "Kai! Lórí kẹ̀?" Ó ní láti ayé ìyá tó bí ìyá òun, kò sí obìnrin kan ní abúlé yìí tó ń ru ẹrù lórí. Ó ní àwọn tó ń ṣẹ́gi máa ń gbọ́ ìró abọ́ létí odò. Mai Kwano ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ni abọ́. Bí oòrùn bá ti dúró lójú ọ̀run, ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀. Ó ní kò ṣe èèyàn ní ibi rí, ó kàn ń kọjá lọ ni. Ó wá wo ọwọ́ Dárasími, ó ní, "Ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ kí oòrùn tó yẹ̀." Obìnrin tó ti ń bá mi ṣàwàdà láti àárọ̀, ó ń ká ẹní wa fún wa.

Inú mọ́tò ni mo ti gba òṣùká náà wò. Kíjìpá aláró ni, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n ká a, òwú pupa ni wọ́n sì fi gán etí rẹ̀. Ràhímátù, èmi ni mo gán etí rẹ̀. Nígbà tí mo lóyún Jọláolúwa ni, nítorí ó máa ń tú mọ́ Ìyá Alábọ́ lórí. Ojú abẹ́rẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú ara mi. Kò gbó, kò jẹrà. Ó gbóná lọ́wọ́ mi, ó sì rin gbingbin fún òógùn.

Mo sọ fún Jọláolúwa. Ó ní, "Màmá, aṣọ tí ẹnì kan sọ nù sínú igbó ni ọmọ he." Mo ní ìwọ ni o ra mọ́tò, èmi ni mo gán òṣùká, kí olúkúlùkù sọ èyí tó mọ̀.

Èyí tó mú mi mú bírò nìyí. Láti ọjọ́ náà, ọrùn Dárasími kò yí. Kò lè wo ẹ̀yìn, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà. Bó bá ń rìn, ó máa ń gbé ọwọ́ kan sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, bí ẹni tó ń di etí agbada mú kó má baà ṣubú. Ọmọ tí kò ru igbá omi rí láyé rẹ̀! Báàgì ẹ̀yìn ni gbogbo ẹrù tó mọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò ọrùn rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Láràárọ̀ ni ó ń sọ pé, "Kaka, ó wúwo." Ìkẹ́olúwa ti ń di ẹrù, ó ní ọsibítù Àbújá ló kàn. Òṣùká náà sì wà lórí okùn ẹ̀yìnkùlé mi nínú oòrùn Minna yìí. Aṣọ tí mo sá lẹ́yìn rẹ̀ ti gbẹ, mo ti ká wọn. Òun kò gbẹ.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Rántí àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Alábọ́ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Jọláolúwa ni, wọn kò jẹ́ kí n gbé nǹkan wúwo. Ìwọ ni wọ́n pè. Ìwọ lo bá wọn gbé agbada abọ́ náà rù. Wọ́n yí ọrùn sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, títí ó fi jókòó dáadáa, wọ́n wá sọ fún wa pé, "Bí mo bá dé, kí ẹ wà nílé o, kí ẹ sọ̀ mí." Àwa méjèèjì ní a ó wà nílé. Àwọn ẹbí ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ká sin aṣọ Ìyá dípò òkú wọn kí ọ̀rọ̀ tán. Mo kọ̀. Wọ́n ní alágídí ni mí. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Èkó ní kí n wá máa bá wọn gbé, mo kọ̀. Mo ti sọ pé n ó wà nílé; Shango nìkan ni mo kúrò, n kò kúrò ní Minna.

Ìyá Alábọ́ ò mọ ọ̀nà ilé ni, Ràhímátù. Wọ́n ṣì ru ẹrù náà. Ní báyìí, nítorí kí ọmọ ọmọ ọmọ wọn lè rí nǹkan fi jókòó, orí lásán ni wọ́n fi ń rù ú.

Nítorí náà, wá. N kò pàṣẹ fún ọ, ṣùgbọ́n wá. Kí Zayd gbé ọ sí mọ́tò ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn Jímọ́ọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Jọláolúwa yóò gbé wa dé abúlé náà, bó fẹ́ bó kọ̀. A ó dúró létí odò nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí. Ẹrù náà tóbi, apá mi nìkan kò ká a mọ́. Ìwọ di etí kan mú, kí èmi di èkejì mú, ká sọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà n ó jẹ́ kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wá sin ohun tí wọ́n bá fẹ́ sin. Ìwọ fi tìrẹ gbàdúrà, èmi á fi tèmi gbà á. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, fún mi lésì, n ó dá lọ. O mọ̀ pé n ó lọ.

Bá mi kí Zayd àti aya rẹ̀, bá mi kí Hafsoh àti ohun tó bá bí. Bá mi kí gbogbo ilé Àlùfáà Yínúsà, kí Ọlọ́run tẹ́ ọkọ rẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo fẹ́ ká ìwé yìí ni Dárasími wọlé, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ó bi mí pé ta ni mo ń kọ̀wé sí. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin, kò mọ̀ ọ́n, wọn kò tíì bí i nígbà tí o kúrò níbí. Ó ní kí lorúkọ rẹ̀. Mo ní Ràhímátù.

Ó ní, "Ẹn-ẹ́n, Kaka. Òun ni ìyá yẹn ń pè."

Èmi ni, tìrẹ láti Shango títí di òní,
Fẹ́híntọlá, Ìyá Jọláolúwa.