Kí Ènìyàn Gidi Wo Ọ̀rọ̀ Rẹ

Abdulsobur ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí iṣẹ́, mo kí gbogbo ará Ìgandò tó bá bi ọ́ léèrè mi. Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ọ lójú títì. Ara wa le ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, òjò sì ti ń rọ̀ sórí àgbàdo. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, Bàbá Hamdalah sì wà nítòsí. Ìyàwó tuntun ni mí, mi ò tíì lè la ẹnu sọ̀rọ̀ dáadáa nínú ilé ọkùnrin tó fẹ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá rẹ. Ó ń tọ́jú mi ṣá. Bí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á bi mí bóyá iyọ̀ tó, bí ẹni pé òun ló sè é.

Hamdalah ọmọ rẹ̀ ló sọ fún mi pé fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, pé o ò lè fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri mọ́, torí pé o pa fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ tó yẹ kó o ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n so yìgì mi mà ni. Ọbẹ̀ tí mo gbé kaná jóná. Mo ní ta ni ọ̀gá tí fóònù lọ fẹjọ́ rẹ sùn, Hamdalah ní kò sí, ẹ̀rọ ló rò ó, òun náà ló dá a. Mo ní ta ni ká wá rán sí ẹ̀rọ náà kó bá wa bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Mo wá rántí Ìkòtún. O ṣì wà níkùn nígbà tí bàbá rẹ ń la pákó fún Alhaji kan, tí Alhaji ní kó máa lọ torí pé ó pẹ́ dé. Mo gbé oyún rẹ lọ kúnlẹ̀ nílé Alhaji l'Ẹ́gbẹ́dá. Ó wo ikùn mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tó wú, ó ní kí n dìde jàre, kí ọkọ mi wá lọ́la. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn pákó tútù, ojú Alhaji yẹn ni mo máa ń rí. Ẹ̀rọ ò mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wú.

Àmọ́ lọ́yà kan sọ nínú rédíò pé òfin wà nílùú wa tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ẹni. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló dá irú ẹjọ́ báyìí, èèyàn lè ní kí ènìyàn gidi tún un wò, kí òun náà sì sọ tẹnu òun. Ó ní o tún lè béèrè gbogbo ohun tí wọ́n ti kó jọ nípa rẹ. Bó o bá ń lọ gbà á, mú àpò ìrẹsì dání, torí ó ti pẹ́ tó o ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, ẹrù náà ò ní kéré. Má jẹ́ kí òjò pa á.

Kọ̀wé sí wọn. Sọ pé ìyá rẹ ló relé ọkọ, má tijú nítorí mi. Bàbá Hamdalah ní òun á tẹ̀lé mi wá, kí wọ́n má rò pé irọ́ ni. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ àwa méjèèjì ránṣẹ́, kó o wá pàdé wa ní Ìyànà Ìpájà. Mo fẹ́ sọ fún ẹni tí wọ́n bá fi síbẹ̀ pé láti ìgbà tó o ti padà lọ sí Èkó, ọjọ́ Jímọ̀ yẹn nìkan ni mo rí ọ tó o jókòó jẹun tán. Kó wo ojú mi, kó wá sọ pé ọ̀lẹ ni ọ́.

Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ọjọ́ ayọ̀ mi di ọjọ́ ẹkún rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.