Ìbọn tí Bàbá Mi Bá Mi Yàn

Àǹtí Lorna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọmọ kékeré bíi tèmi kọ̀wé sí yín. Ọdún kìn-ín-ní ni mo wà ní yunifásítì níhìn-ín ní Montana, iṣẹ́ àbójútó igbó ni mo ń kọ́.

Nítorí béárì, ẹranko ńlá tó máa ń kọlu èèyàn nínú igbó níbí, bàbá mi mú mi lọ yan ìbọn ìléwọ́ kan tí mo lè fi pamọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo so ó mọ́ ìbàdí nínú ṣọ́ọ̀bù, kò hàn rárá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín: "Béárì gan-an ò ní mọ̀ pé o gbé nǹkan dání." Kò sẹ́ni tó rántí pé màá gbé báàgì sẹ́yìn.

Lóṣù tó kọjá, béárì kan yọ sí mi létí odò. Mo na ọwọ́ sí ìbọn, àmọ́ ìgbànú báàgì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára, mi ò lè fà á yọ. Béárì náà wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nílé, mo kàn sọ pé mo rí béárì. Bàbá mi ti ń sọ ọ́ kiri ṣọ́ọ̀ṣì pé ìbọn ló kó mi yọ. Ní Sátidé, ó fẹ́ ra irú rẹ̀ fún àbúrò mi, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ń lọ ṣiṣẹ́ nínú igbó. Àbúrò mi ní, "Tí ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ojo bá lè lò ó, èmi náà á lò ó."

Lánàá, nídìí oúnjẹ, mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Àmọ́ ọ̀dùnkún ni mo ní kí wọ́n bá mi gbé.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ fi lẹ́tà yìí ṣe àṣírí, torí bàbá mi kì í pa rédíò tí ètò yín bá ń lọ.