Bàbá Gbólóhùn: Adìwé Tí Kò Kọ Irọ́ Sílẹ̀

Ní ọdún 1947, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìlagi, ni a bí bàbá wa ọ̀wọ́n. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ sì ni ìyá wọn. Bàbá ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1954. Ní 1956, bàbá wọn já bọ́ láti orí òrùlé, kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Báyìí ni Bàbá ṣe fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Ó dùn wọ́n títí di ọjọ́ alẹ́.

Ní 1963, wọ́n wọ ilé ìtẹ̀wé láti kọ́ṣẹ́ ìwé dídì. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń ká abala, tí wọ́n ń rán ẹ̀yìn ìwé, tí wọ́n sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo rẹ̀. Ní 1971, yíǹkì dà sórí àwọn abala ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ sun ún, Bàbá bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé e wálé. Abala lẹ́tà P àti R nìkan ni. Ìdí nìyí tí Bàbá fi mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè mú kí lọ́yà làágùn, tí wọn kò sì mọ ohun tí òyìnbó ń pe ewúrẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyí: wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n á kọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n á wá fi ṣe gbólóhùn kan. Òfin wọn ni pé gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní irọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró lórí. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá yangàn níwájú wọn, wọ́n á ní kó fi ṣe gbólóhùn. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ wọn ti wá.

Wọ́n fẹ́ ìyá wa, aránṣọ, ní 1974. Ìyá wa a máa sọ pé kí Bàbá lè sinmi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún òun lòun ṣe tètè gbà láti fẹ́ wọn.

Olùfọkànsìn ni Bàbá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń di ìwé orin ìjọ. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2008, wọ́n ń kọ́ àwọn aládùúgbò ní ìwé kíkà ní pálọ̀ wọn ní ọjọ́ Sátidé. Ìyàwó kan ka gbólóhùn òótọ́ tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í kò sì padà wá mọ́.

Láti 2009, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni Bàbá ń gbé ìwé àkọsílẹ̀ náà fún àkọ́bí wọn, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó máàkì rẹ̀. Ní oṣù kejì 2023, wọ́n kọ 'persistent', ohun tí kì í dáwọ́ dúró. Gbólóhùn wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì ni pé ìrora abẹ́ ìhà òsì àwọn kì í dáwọ́ dúró. Àkọ́bí fi báírò pupa fún wọn ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ó sì kọ ọ́ pé ó dára púpọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kọ 'recur', kí nǹkan tún padà wá. Wọ́n ní ìrora náà tún padà wá ní balùwẹ̀, àwọn di ògiri mú. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ méje ni irú rẹ̀ fi ń bọ̀.

Bàbá kì í ráhùn. Lójú tiwọn, wọ́n ti sọ fún wa, wọ́n sì ń retí èsì. Nígbà tí a máa gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àkọ́bí ló ní kí a kọ èyí síbí, kí a má fi pa mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá òun nìkan lẹ́bi. Gbogbo wa la mọ òfin Bàbá, orí tábìlì tí gbogbo wa ti ń jẹun ni ìwé náà sì máa ń wà.

Bàbá dágbére fáyé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, 2023. Wọ́n fi ìyá wa sílẹ̀ lọ, àti ọmọ mẹ́ta: olùkọ́, mẹkáníìkì àti awakọ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìwé wọn ni 'remorse'. Wọ́n ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀: àbámọ̀. Wọn kò kọ gbólóhùn sí i, bóyá nítorí wọn kò ní èyí tó jẹ́ òótọ́. Àwa ní. A ti bá wọn kọ ọ́ síbẹ̀: 'Bàbá wa sọ fún wa pé ara ń dùn wọ́n, a fún wọn ní máàkì.'

Ẹ sùn re, Bàbá Gbólóhùn. A ti kà á báyìí.