Ẹni Tí Yóò Pè Mí Dìde

Rolla, Sharjah,
Oṣù Òkúdù, 1996.

Làmídì ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ilé rẹ, mo sì kí orúnkún rẹ tí kì í jẹ́ kí o sùn. Kí Ọlọ́run bá ọ tú u sílẹ̀. Ara tèmi le. Rasheed ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, o mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ó ń ta fóònù ní ọjà Naif, ó sì tún ń ṣe eré fídíò. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá bú u nínú lẹ́tà yìí, kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ìlú yìí dà bí ohun tí ènìyàn ń rí lójú àlá. Láàárọ̀, iyanrìn inú afẹ́fẹ́ máa ń bo àwọn ilé gíga tó wà ní Al Taawun, á ku orí wọn nìkan, bí ẹni pé wọ́n so wọ́n rọ̀ lójú ọ̀run. Ó ń rán mi létí aṣọ funfun tí a máa ń ta sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí a bá fẹ́ fi sinimá han àwọn ará ìlú, kí àwòrán tó yọ. Ọmọ mi Ọlọ́ládé á ti lọ sí Naif, níbi tó ti ń ra aṣọ ọmọdé ránṣẹ́ sí Èkó. Èmi á jókòó sójú fèrèsé. Mo ti sọ fún un pé mò ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí, kí n wá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í jẹun tán.

Nígbà tí Rasheed dá mi mọ̀, ó ní láti kékeré lòun ti ń wo ikú mi. Òótọ́ ni. Ọ̀gá wa Sùlàímọ́nù kò fún mi ní ipò olórí rí nínú eré. Ìwọ lò ń jọba, ìwọ lò ń gbéyàwó. Èmi ni ìránṣẹ́ tí wọ́n yìnbọn fún, èmi ni àgbẹ̀ tí ejò bù ṣán, èmi ni bàbá tó ń kú kí ìjà ogún tó bẹ̀rẹ̀. Láti orí ìtàgé títí dé inú sinimá, òkú ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Iléṣà, obìnrin kan sunkún mi títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó jáde tó rí mi tí mò ń jẹ ẹ̀pà, ó bọ́ bàtà, ó sọ ọ́ lù mí.

O kò lè gbàgbé òfin Ọ̀gá. Ẹni tó bá ṣe òkú kò gbọ́dọ̀ dá dìde. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni yóò pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ìnagijẹ, kì í ṣe oyè. Ìwọ lo kọ́kọ́ ń pè mí. Nígbà tí mo fẹ́ Kàfáyàt, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Nínú ilé, Bàbá Ọlọ́ládé ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kò jẹ́ dárúkọ mi láé. Àfi níbi tí mo bá kú sí. Ibẹ̀ nìkan ló ti máa ń fi ẹnu kan etí mi, á rọra sọ pé, “Ògúnjọbí.” Làmídì, nítorí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn àtimáa kú.

Nígbà tí òun náà kú ní ọsibítù, mo pè é. Mo pè é títí nọ́ọ̀sì fi dì mí mú. O wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò sunkún, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dárò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Rasheed bẹ̀ mí pé kí n wá ṣe bàbá tó kú nínú fídíò òun. Ó yá iyàrá kan ní Rolla níbí. Wọ́n tẹ́ mi sórí ibùsùn, wọ́n fi aṣọ funfun bò mí dé àyà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Mo pa ojú dé, kíkùn rẹ̀ sì di ìró ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé ẹgbẹ́ wa kiri. Mo rí wa lórí ẹrù, eruku pupa lẹ́yìn wa, Kàfáyàt fi ìborùn bo imú. Nígbà tó ṣe, ọkọ̀ náà ń rìn lórí òkun, omi kò sì mì. Kàfáyàt wò mí. Ara tù mí.

Mò ń gbọ́ Rasheed lókèèrè. “Khalas, ó ti parí, Daddy, àwòrán ti wọlé. Ẹ dìde.” N kò dìde. Ó rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe lọ. Ó sọ fún àwọn yòókù pé, “Ẹ wo àgbà òṣèré. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹ bá kú.” Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ yí padà. Wọ́n ń pè mí, Baba, Alàgbà, Daddy. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ mi nínú wọn. Mo lè dìde, Làmídì. N kò fẹ́ ni.

Ọlọ́ládé wá gbé oúnjẹ wọlé fún wa. Ó rí mi, àwo sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ òfin náà, orí ọkọ̀ wa la ti tọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ ní, “Bàbá mi.” Ó wá kúnlẹ̀, ó fi ẹnu kan etí mi.

“Ògúnjọbí,” ó ní. “Ògúnjọbí, mi ò ní ẹlòmíràn.”

Lateefat, tó ń ṣe ìyàwó mi nínú fídíò náà, ní, “Háà, ó pe bàbá ẹ̀ lórúkọ.” Lórí ọkọ̀ orí òkun náà, Kàfáyàt ti kọjú sí ọ̀nà iwájú. Mo dìde jókòó. Ọmọ mi ń wárí, ó ń tọrọ àforíjì. Mo ní kó lọ wá oúnjẹ mìíràn, èyí tó wà nílẹ̀ ti di ti èèrà. Nígbà tí a délé, mo sunkún ìyá rẹ̀, òun náà sunkún rẹ̀, a sì jọ jẹun tán.

Nítorí náà, n kò bọ̀ lọ́dún yìí. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàfáyàt kò ní sá. Bá mi máa ro koríko ibẹ̀.

Kí ojú rẹ má ṣe ríbi. Kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ibi tí o bá fẹ́. Kí ilé rẹ má ṣòfo ohùn ènìyàn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù,
Ògúnjọbí.

Àfikún: Kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Ọlọ́ládé ń pè mí. Rasheed ní òun máa gé e kúrò, pé kò bá ìtàn òun mu. Mo ní bó bá gé e, kó lọ wá òkú mìíràn. Ó ti fi í sílẹ̀.