Asẹ́ Tí Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Yín Fi Ń Mí

                                        Nọ́ńbà Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Gbẹ́nàgbẹ́nà.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Eyínfúnjowó mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀, àbí ẹ ṣì ń fi halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé mi yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Oorun ti ń kùn mí díẹ̀díẹ̀, mo sì ti ń jẹ oúnjẹ tán nínú abọ́. Ẹ yéé bínú sí ara yín mọ́ pé ẹ ò lè wá síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n yín. Ẹni tí wọ́n ń to eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ kì í rin ìrìn àjò, òun gan-an ì bá bá yín jà ká ní ẹ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bàbá ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti lọ, Àkọ́bí wa ló ń wà á lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí àgbà tí òtútù mú, ó sì ń rú èéfín dúdú nídìí. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Farabalẹ̀, torí pé bí ọkọ̀ èèyàn bá tilẹ̀ ń jóná lọ́wọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ fara balẹ̀.”

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì tú fílítà tí ọkọ̀ fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń mí símú. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, irin dúdú rìbìtì bí ìkòkò yẹn, tó gùn nímú bí erin. Abọ́ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, kí eruku tó bá wọlé lè rì síbẹ̀ kó má ráyè dénú ẹ́ńjìnnì. Farabalẹ̀ ti ìka bọ inú abọ́ náà, ẹrẹ̀ ló fi fà yọ. Ó ní, “Ta ló ń fọ èyí látìgbà tí Bàbá ti lọ?” Èmi wo Àkọ́bí, Àkọ́bí wo èmi.

Ẹ ò gbàgbé bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe máa ń ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, á tẹ́ ìwé ìròyìn sí ẹnu ọ̀nà, á sì fi kẹrosíìnì fọ wáyà inú fílítà títí yóò fi máa dán. Èmi ni mo máa ń fún un ní àkísà láti ibi ìránṣọ mi, àmọ́ kì í gba èyíkéyìí. Èyí tí kò bá ní í tú òwú sínú abọ́ nìkan ló ń gbà, á sì kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n wò. Tó bá wá ń bu ọ́ìlì tuntun sí i, á bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú àmì tó wà lára abọ́, á di ojú kan, kò sì ní mí. Ọkùnrin tí kì í rí sọ́kì ara rẹ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n tó ń rí fọ́nrán òwú kan nínú abọ́ ọ́ìlì! Mo máa ń ṣe bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ kí n lè dúró wò ó.

Farabalẹ̀ mú fílítà ìgbàlódé wá, tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ìwé ni, wọ́n ṣẹ́ ẹ ní pílíìtì bí síkẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ẹni tó ṣẹ́ pílíìtì yẹn mọṣẹ́, kò sí èyí tó wọ́ nínú wọn. Farabalẹ̀ ní tuntun ń dá eruku tó kúnná dúró ju ti àtijọ́ lọ, kò fẹ́ fífọ̀, tó bá ti dọ̀tí kéèyàn jù ú nù. Ó ní ti àtijọ́ kì í tán, àmọ́ ó ń fẹ́ ọwọ́ èèyàn, bí ẹnìkan bá sì bu ọ́ìlì kọjá àmì, ẹ́ńjìnnì á fà á mu. Mo bi í pé èwo ni yóò fi sí tirẹ̀.

Ó ní, “Màámi, ẹ fara balẹ̀. Tuntun ni tèmi. Èmi tí mi ò kì í fọ abọ́ tí mo fi jẹun, ṣé abọ́ ọkọ̀ ni mo máa fọ̀?”

Àkọ́bí ní, “Tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ti àtijọ́.”

Ó dùn mí. Mo ní, “Ṣé gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ ti bàbá rẹ ló ti di ìdọ̀tí?” Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò ní okùn.

Wọ́n fi tuntun sí i, èéfín sì dá. Mo gbé ti àtijọ́ lé ẹsẹ̀ nínú àpò, mo gbé e wálé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo gbọ́ kò-kò-kò lójú fèrèsé. Àkọ́bí ni. Ó ti dé géètì, ó ti fọn fèrè ọkọ̀ títí, mi ò gbọ́. Eyínfúnjowó, ẹ gbọ́ mi o, ẹnikẹ́ni kì í fọn fèrè ní géètì wa! Látìgbà tí mo ti di ìyàwó yín, bí ọkọ̀ yẹn bá ti dé ìyànà ilé gbẹ́nàgbẹ́nà, á ní “hùn-ún,” bí àgbà tó ń gbè ìtàn lẹ́sẹ̀ lórí àga. Ẹsẹ̀ mi á ti dúró lórí ẹ̀rọ kí n tó mọ̀. Kó tó dé, géètì ti ṣí. Ẹ̀gbọ́n yín a sì máa yangàn fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Géètì tèmi mọ̀ mí.” Tuntun yìí kì í ní hùn-ún. Ńṣe ló ń fa afẹ́fẹ́ fíì bí ẹni tó ń mu tíì gbígbóná.

Mo padà lọ bá Farabalẹ̀ pé kó bá mi dá ti àtijọ́ padà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wá ní, “Màámi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eruku. Ọmọ yín ti wá bá mi kí ẹ̀yin méjèèjì tó jọ wá. Ó bi mí pé èwo ló máa yí ohùn ọkọ̀ náà padà. Ó ní tẹ́ ẹ bá ṣí géètì lálẹ́, ojú yín á máa tàn bíi ti ìyàwó tuntun, tẹ́ ẹ bá wá rí i pé òun ni, iná ojú yín á kú. Ó ní ti pé òun kọ́ lẹ ń retí kò dun òun. Ohun tó ń dun òun ni pé òun ló ń mú ìròyìn ikú náà wá bá yín lójoojúmọ́.”

Mo jókòó sórí táyà kan níbẹ̀. Èmi ni mo bí ọmọ yìí, síbẹ̀ mo ń bi ara mi léèrè ibi tó ti rí irú inú bẹ́ẹ̀. Ó ru ẹrù yẹn, ó jẹ́ kí n bínú sí òun, kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí Àkọ́bí dé lálẹ́, mo ní, “Òótọ́ ni, ojú mi ń yí padà. Àmọ́ láti ìdí ẹ̀rọ dé ẹnu géètì, èmi àti bàbá rẹ la jọ ń rìn. Jọ̀ọ́, má gba ìrìn yẹn lọ́wọ́ mi. Ìwọ tí mo bá ní géètì, mi ò lè fi ọ́ wé ìròyìn ikú. Ìwọ ló kù fún mi lára rẹ̀.” Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ó wá ní, “Màámi, ta ló wá máa máa fọ̀ ọ́?” Mo ní, “Ta ló ń gé àkísà fún un?”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ́ ìwé ìròyìn lọ́jọ́ Sátidé. Mo fọ wáyà, mo nu abọ́. Àkọ́bí ló bu ọ́ìlì, ojú tó fi ń wo oògùn nínú abẹ́rẹ́ aláìsàn ló fi ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan, kò mí. Òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran, àmọ́ ti bàbá ni eléyìí ran. Farabalẹ̀ dá a padà sáyè rẹ̀, ó ní kí á tọ́jú onípílíìtì sí búùtù, pé ọjọ́ eruku ńlá á wúlò. Èmi náà ò kórìíra rẹ̀.

Lánàá, mo ṣí géètì, mo bá Àkọ́bí tó ń fojú wá ojú mi láti inú ọkọ̀. Mo ní, “Hùn-ún.” Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé aṣọ wọn ti wà nílẹ̀, kí wọ́n ṣáà má tíì ga ju bí mo ṣe wọ̀n wọ́n lọ. Àkọ́bí ló máa wá gbé yín ní pápákọ̀ òfuurufú lóṣù tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé ìyànà gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ má jẹ́ kó fọn fèrè.

Èmi ni tiyín, tí ń dẹ etí sí ọ̀nà,

Ìyàwó yín, Aránṣọ.